Ọjọ́ Tí Kúnbi Kó Lọ sí Ìsọlọ̀

Òórùn aṣọ tó ń jó ló jí Adéjùmọ̀kẹ́ nínú ìrònú. Kí ó tó gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú náà sókè, kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti pọ́n bí àkàrà, ó sì ti fẹ́ẹ́ lẹ̀ mọ́ irin. Ó pòṣé. Ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀gá kan ní pápákọ̀ òfurufú ni, ọ̀gá tí kì í gbàgbé nǹkan. Ó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀ sórí bíríkì, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó sì kọjú sí ẹni tó ka ọ̀ràn náà sí lọ́rùn.

"Kúnbi, ṣé o rí ohun tí o bá mi ṣe?"

Kúnbi kò gbójú sókè. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó na ẹsẹ̀ òsì tí kò ṣeé ká dáadáa síwájú, ó ń fi okùn di mátírẹ́ẹ̀sì rẹ̀, ó sì fi eyín di etí okùn kan mú.

"Èmi kọ́ ni mo di áyọ́ọ̀nù mú, Àǹtí mi."

"Ìwọ ni mò ń wò!"

"Ẹ má wò mí mọ́ nígbà náà."

Adéjùmọ̀kẹ́ la ẹnu láti fún un lésì, ni bàálù kan bá gba orí òrùlé kọjá. Páànù ilé gbọ̀n, ìkòkò gbọ̀n lórí pẹpẹ. Ní Mafoluku, bí èèyàn bá ti rí ọ̀rọ̀ tó dùn jù lọ láti fi jà, ìgbà yẹn gan-an ni bàálù máa ń dé. Ó dúró títí ariwo náà fi rọlẹ̀. Nígbà tó fi máa rọlẹ̀ tán, ó ti gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ, inú sì bí i sí bàálù náà pàápàá.

Àárọ̀ Sátidé ni, lásìkò òjò. Kúnbi, àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, ń kó lọ sí Ìsọlọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ti gba yàrá kan nítòsí ilé-iṣẹ́ aṣọ tó ti ń tẹ táípù. Láti ìgbà tó ti sọ ọ́ jáde lẹ́nu ni Adéjùmọ̀kẹ́ kò ti ríṣẹ́ ṣe bí iṣẹ́ mọ́. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń rìn. Ó ti da sítáàṣì gbígbóná sí ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó ti kó ṣòkòtò oníṣòkòtò fún ẹlòmíràn, ó sì ti bá àwọn oníbàárà jà lórí aṣọ tí òun fúnra rẹ̀ sọnù.

Lẹ́yìnkùlé, Felix ọkọ rẹ̀ fi dígí kékeré kọ́ ìṣó lára ògiri, ó ń fá irùngbọ̀n, ó sì ń fi imú kọ orin ìjọ. Ẹrù ló ń kó sínú bàálù ní pápákọ̀. Nínú gbogbo ìyára tó wà níbẹ̀, kò mú èyíkéyìí wálé rí.

"Bàbá Albert, ẹ kò ní bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀?"

"Ọ̀rọ̀ wo?" Felix fi ahọ́n ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ síta kí abẹ lè rìn níbẹ̀ dáadáa. "Ìsọlọ̀ ló ń lọ, Jùmọ̀kẹ́. Kì í ṣe Ìlú Ọba."

"Ta ni yóò máa pọn omi fún un? Kòtò wà níwájú ilé náà, pákó tín-ín-rín kan ni wọ́n gbé dá a lórí. Bó bá yọ̀ ńkọ́?"

"Fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

Adéjùmọ̀kẹ́ wo ẹ̀yìn orí ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi áyọ́ọ̀nù náà lọ̀ ọ́.

Fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti sú u. Felix ń sọ ọ́. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ìjọ ń sọ ọ́ bí wọ́n bá wá kó aṣọ. Bàbá Fọlọ́runṣọ́, katikíìsì àgbà tó máa ń bọ èèyàn lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní Ṣógúnlé, ń sọ ọ́ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, á sì máa fi ọwọ́ kejì rọra lu ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ṣé òun kò gbìyànjú ni? Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló ń kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, tó ń sọ nǹkan kan náà fún Ọlọ́run, tó ń sunkún, tí ara rẹ̀ ń fúyẹ́. Kí ó sì tó dé ìkòríta, nǹkan náà á ti padà wá jókòó sí àyà rẹ̀, bí ẹni pé ńṣe ló kàn lọ nasẹ̀.

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún, ni nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Rédíò sọ ọ́ títí ó fi di orin lẹ́nu àwọn ọmọdé. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n. Ojú ni kò tíì mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kan tí òun àti Kúnbi ń ti ọjà Òṣòdì bọ̀, òun ló kọ́kọ́ sọdá títì ní Bọ́ládé. Kúnbi dúró ra ẹ̀pà lódìkejì. Adéjùmọ̀kẹ́ wo ibi tí mọ́tò ti máa ń yọ láti ìgbà tó ti dé Èkó, ibẹ̀ dá. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó kígbe pé, "Máa bọ̀, kò sí mọ́tò!" Kúnbi sì gbọ́ràn sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu. Ibi kejì ni mọ́tò náà gbà yọ.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Wọn kò sọ pé ó lè fọ́ egungun ẹlòmíràn mọ́ ọn.

Kúnbi pẹ́ ní ilé ìwòsàn Igbóbì. Nígbà tó jáde, ẹsẹ̀ kan ti kúrú ju èkejì lọ, ọ̀pá sì ti di ẹnìkejì rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó ti ń retí rẹ̀ gba ẹlòmíràn. Ó kọ́ táípù, ó ríṣẹ́, ó sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí owó Údójì, àfikún owó oṣù tí wọ́n san fún àwọn òṣìṣẹ́, dé, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra ẹ̀rọ agbóhùn àti alùpùpù, yàrá ni Kúnbi fi tirẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Igbóbì ni Adéjùmọ̀kẹ́ ti ń gbé omi ìwẹ̀ fún un, tó ń bu ẹran tó tóbi jù sí àwo rẹ̀, tó ń lọ dúró dè é ní ibùdókọ̀ nírọ̀lẹ́, tó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bó bá ń rìn bọ̀. Kò sì gba Bọ́ládé kọjá mọ́. Bí ó bá fẹ́ lọ sódìkejì, á yípo gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin, ibi tó jìn dáadáa, á sì ní kí Kúnbi bá òun gba ibẹ̀.

Babáṣọlá, ẹni tí wọ́n bẹ̀ pé kó wá fi pikọ́ọ̀pù rẹ̀ kó ẹrù, ní òun ń bọ̀ ní kùtùkùtù. Oòrùn ti fẹ́ẹ́ kan àtàrí kí ó tó dé. Ó sọ̀kalẹ̀, ó ń nu òógùn.

"Ìyá Albert, ẹ má bínú. Ìlà epo ni. Láti ìdájí ni mo ti wà níbẹ̀."

"Ìlú tó ń ta epo fún gbogbo ayé!" ni Adéjùmọ̀kẹ́ wí. "Kí wọ́n máa tò fún epo ní ìlú tó ni epo!" Ó yọjú wo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. "Kí nìyẹn?"

"Sìmẹ́ńtì ni, mà. Ọ̀nà kan náà ni. Ẹnì kan ní Ìsọlọ̀ ló ni ín." Babáṣọlá kò wo ojú rẹ̀. "Òun ló jókòó níwájú yẹn."

Nínú iwájú ọkọ̀, ọkùnrin kan tó sanra ju ìjókòó kan lọ gbé ọwọ́ sókè kí wọn.

"Níbo làwa ó wá jókòó sí?"

"Ẹrù nìkan ló máa gbà, mà."

Adéjùmọ̀kẹ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìjà tó máa dùn, ni Kúnbi bá bú sẹ́rìn-ín. Ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. "Ẹ jẹ́ kí ó máa kó o lọ, Àǹtí mi. Bọ́ọ̀sì kò ṣáà tíì tán nílẹ̀. A ó wọ̀ ọ́ ní Bọ́ládé."

"Ẹ̀gbẹ́ ojú irin ni a ó gbà."

"Bọ́ládé ni. Ọ̀nà ojú irin yẹn jìn fún ẹsẹ̀ mi."

 Láti ọdún wọ̀nyí wá, Adéjùmọ̀kẹ́ kò rò ó rí pé ẹ̀rù tòun ni ẹsẹ̀ Kúnbi ń fi rìn yípo.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sójú títì ni Bàbá Fọlọ́runṣọ́ ń bọ̀ lódìkejì pẹ̀lú agbòòrùn tó ká mọ́ abíyá. Ó dúró, ó wo ojú Adéjùmọ̀kẹ́. "Ìyá Albert, kí ló dé tí ojú le báyìí lọ́sàn-án gangan? Ohun yòówù kó jẹ́, ẹ fi lé..."

"Mo ti gbọ́, Bàbá!"

Ọ̀rọ̀ náà le ju bó ṣe fẹ́ lọ. Ojú tì í lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó fi orúnkún kan kanlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò bínú, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Èyí tí kò bínú yẹn gan-an tún wá bí Adéjùmọ̀kẹ́ nínú.

Bọ́ládé kò rí bó ṣe fi í sílẹ̀. Wọ́n ń la ọ̀nà ńlá tuntun nítòsí, katapílà ti tú ilẹ̀ pupa káàkiri, òjò alẹ́ àná sì ti sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Tírélà tó kó sìmẹ́ńtì tẹ̀lé tipá tó kó yẹ̀pẹ̀, takisí ń já láàárín wọn. Àwọn tó ń ta búrẹ́dì àti omi tútù ń sáré bá ọkọ̀ tí kò tíì dúró. Nítorí ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ náà, òdìkejì títì ni bọ́ọ̀sì Ìsọlọ̀ ti ń kó èrò.

Adéjùmọ̀kẹ́ di ọrùn ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú. Ó wo apá ibí, ó wo apá ọ̀hún, ó tún wo apá ibí. 

"Ó ti dá, Àǹtí mi. Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Dúró!"

Wọ́n dúró. Takisí kan tó ṣì wà lókèèrè rọra wá, ó kọjá.

"Ó ti tún dá."

"Mo ní kí o dúró!"

Kúnbi ti sún ọ̀pá síwájú, ó ti fi ẹsẹ̀ tó le tẹ̀lé e. Adéjùmọ̀kẹ́ rí tipá kan lọ́ọ̀ọ́kán, ojú rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Ó fa ọmọ náà sẹ́yìn pẹ̀lú gbogbo agbára tó fi ń fún aṣọ. Kúnbi ṣubú sínú ẹrẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ bọ́, ó yí lọ sójú títì, tipá náà sì gorí rẹ̀. Ó dún bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ igi ìdáná.

 Kúnbi wo ibi tí ọ̀pá náà wà. Lẹ́yìn náà, ó wo ọwọ́ tó ṣì dì í mú.

"Ẹ tú mi sílẹ̀."

"Mo fẹ́ gbà ọ́ sílẹ̀ ni. Tipá..."

"Ẹ tú mi sílẹ̀!" Gbogbo àwọn tó dúró de ọkọ̀ yíjú wò wọ́n. "Tipá yẹn jìnnà! À bá ti sọdá! Ẹ ti fẹ́ẹ́ fi ìbẹ̀rù yín pa mí báyìí, Àǹtí mi!"

Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì lábẹ́ agbòòrùn sáré wá, ó bá wọn gbé Kúnbi dìde, ó fi í jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Adéjùmọ̀kẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ ìró rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí nu ẹrẹ̀ lára síkẹ́ẹ̀tì Kúnbi. Ó nù ún, ó nù ún, ẹrẹ̀ náà ń fẹ̀ sí i. Kúnbi di ọwọ́ náà mú, ó gbé e kúrò lára òun, ó fi lé orí itan ẹni tó ni ín.

Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí n má sọ ọ́ mọ́. Lọ́jọ́ náà, ẹ pè mí, mo sì wá. Òótọ́ ni. N kò ní parọ́ fún yín pé kì í ṣe òótọ́. Ní Igbóbì, mo bínú yín débi pé bí ẹ bá gbé oúnjẹ dé, màá ṣe bí ẹni tó sùn. Mo sọ fún Ọlọ́run pé n kò fẹ́ rí ojú yín mọ́."

Adéjùmọ̀kẹ́ kò gbọ́ èyí rí. Ó ti ń retí ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún wọ̀nyí, ó ti rò pé ọjọ́ tí òun bá gbọ́ ọ ni ilẹ̀ máa lanu. Ilẹ̀ kò lanu. Ẹnì kan ń kígbe "Mushin! Mushin!" lódìkejì.

"Ìgbà tó yá, ìbínú náà tán. N kò mọ bó ṣe tán. Mo ń gbàdúrà lọ́jọ́ kan, mo wá a, n kò rí i mọ́. Mo sì sọ fún yín pé mo ti dárí jì yín. Ẹ rántí?"

"Mo rántí."

"Ẹ kò gbà á. Láti ọjọ́ yẹn, ojoojúmọ́ ni ẹ tún ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi pẹ̀lú àwo oúnjẹ. Ẹ ń gbé omi ìwẹ̀ wá, ẹ ń wojú mi. Bí mo bá gbàgbé pé mo yarọ, ojú yín á rán mi létí. Ẹsẹ̀ yìí kì í rẹ̀ mí tó ojú yín, Àǹtí mi."

"Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí o pàdánù ńkọ́?"

"Nọ́ọ̀sì wo?" Kúnbi kọjú sí i tán pátápátá. "Ẹ̀yin àti Màmá lẹ fẹ́ nọ́ọ̀sì. Èmi, bí mo bá rí ẹ̀jẹ̀, èébì ló ń gbé mi."

"O kò sọ fún wa!"

"Ta ló bi mí?"

 Gbogbo omijé tí Adéjùmọ̀kẹ́ ti sun nítorí fìlà nọ́ọ̀sì yẹn! Gbogbo àwọn ọmọbìnrin aláṣọ funfun tó ti rí lójú títì tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́! Ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí ì bá bínú sí.

"Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi lẹ ń lọ síwájú pẹpẹ," ni Kúnbi wí. "Kí lẹ rò pé Jésù ń fi ohun tí ẹ ń kó fún un ṣe? Àbí ẹ rò pé ńṣe ló ń bá yín tọ́jú rẹ̀, kí ẹ lè rí i gbé padà sílé?"

"Ìwọ náà ti di wòlíì." Kò sí agbára nínú ohùn tó fi sọ ọ́.

"N kò di wòlíì. Ó kàn ti sú mi ni."

Obìnrin oníbúrẹ́dì gbin. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹ ń dí mi lọ́jà."

Wọ́n ra búrẹ́dì kan lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìtìjú. Kúnbi dìde lórí ẹsẹ̀ kan, ó na ọwọ́.

"Ẹ fún mi ní èjìká. Èjìká o, kì í ṣe ọwọ́. Bí ẹ bá dì mí mú, ẹ tún máa fà mí ṣubú. Èmi ni màá di yín mú. Èmi ni màá sì sọ ìgbà tí a ó rìn."

Wọ́n padà sí etí títì. Ọwọ́ Kúnbi wúwo lórí èjìká rẹ̀, ó gbóná. Adéjùmọ̀kẹ́ fẹ́ wo apá ọ̀tún, ó fẹ́ wo apá òsì, ó wá rí i pé òun kò tilẹ̀ mọ èwo ló yẹ kí òun kọ́kọ́ wò. Tírélà kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ gbá a lójú. Ó di ojú méjèèjì.

*Olúwa,* ni ó wí nínú ara rẹ̀, *n kò lè ṣọ́ Kúnbi. N kò rí mọ́tò ọjọ́ yẹn, n kò sì ní rí èyí tó ń bọ̀ lọ́la. Mo ti ń ṣe bí ẹni pé èmi ni Ìwọ. Ó ti rẹ̀ mí. Èyí tí mo ṣe, mo ṣe é. O ti gbọ́ ọ tó. Gbà á, kí O má dá a padà fún mi mọ́, bí mo bá tilẹ̀ wá bèèrè rẹ̀.*

Kì í ṣe àdúrà tó lẹ́wà. Ìkanra wà nínú rẹ̀, bí ẹni ń bá onílé wí. Kò sunkún.

"Ó yá," ni Kúnbi wí.

Wọ́n rìn. Ẹnì kan fun fèrè ọkọ̀ mọ́ wọn, Kúnbi kò yára, kò sì dúró. Ẹsẹ̀ Adéjùmọ̀kẹ́ tẹ òkúta òdìkejì kí ojú rẹ̀ tó là.

Ní Ìsọlọ̀, kí wọ́n tó dé ilé, Kúnbi dúró níwájú ìsọ̀ ẹni tó ń ta èèkù ọkọ́, kí ó lè rí èyí tí yóò fi ṣe ọ̀pá. Ó gbé ọ̀kan, ó fi tilẹ̀, ó dá a padà. Ó gbé òmíràn. Adéjùmọ̀kẹ́ rí ọ̀kan tó dára lápá ẹ̀yìn, ó nawọ́ sí i, ó sì ká ọwọ́ náà padà. Èyí tí Kúnbi mú níkẹyìn kò tọ́ délẹ̀délẹ̀, ṣùgbọ́n ó rìn pẹ̀lú rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní ó tẹ́ òun lọ́rùn.

Babáṣọlá ti já ẹrù sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí Adéjùmọ̀kẹ́ rí mátírẹ́ẹ̀sì náà, ó fi ọwọ́ lérí.

"Babáṣọlá! Ṣé orí àpò sìmẹ́ńtì tó já ló gbé e sí ni? Ẹ wo nǹkan! Ẹ wo ohun tí wọ́n fẹ́ kí èèyàn sùn lé!"

Wọ́n fà á síta, wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ lù ú. Eruku funfun bò wọ́n lórí, ó bò wọ́n ní ìpéǹpéjú. Kúnbi wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, "Ẹ dà bí ẹni tó jí èlùbọ́ kó." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Adéjùmọ̀kẹ́ kó tó mọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́.

Ariwo náà mú ìyá onílé jáde. Ìyá Ọlọ́runyọmí ni wọ́n ń pè é, obìnrin àgbà kan tó fi gèlè wé ìbàdí. Ó kí wọn káàbọ̀, ó wo ẹsẹ̀ Kúnbi, ó sì kọjú sí Adéjùmọ̀kẹ́ gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti í ṣe.

"Kí ló ṣe é lẹ́sẹ̀?"

Adéjùmọ̀kẹ́ mọ ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn bí ó ti mọ orúkọ ara rẹ̀. Látorí ẹ̀pà ló máa ń bẹ̀rẹ̀, á wá kan ibi tó wò àti ibi tí kò wò, á kan ọwọ́ tó gbé sókè, nígbà tó bá sì dé "èmi ni mo pè é," ẹni tó bi í á ti máa wá ọ̀nà lọ. Ó fa èémí sínú.

"Mọ́tò ló gbá mi, mà," ni Kúnbi wí. "Ó ti pẹ́."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni Ìyá Ọlọ́runyọmí wí. "Ẹ wá kí n fi kànga hàn yín. Bí ẹ bá fà á tán, ẹ máa dé e, nítorí àwọn ewúrẹ́."

Òun àti Kúnbi sì jọ lọ sẹ́yìn ilé. Adéjùmọ̀kẹ́ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ṣé bó ṣe kúrú tó náà nìyẹn? Ọ̀rọ̀ tó ti ń pọ̀n kiri láti ọdún wọ̀nyí wá, ẹni tó ni ẹsẹ̀ ti fi gbólóhùn kan sọ ọ́ tán, ó sì ti lọ wo kànga.

Nígbà tó ṣe, ojú ọ̀run bẹ̀rẹ̀ sí dúdú. Adéjùmọ̀kẹ́ fẹ́ gbá yàrá náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó fẹ́ yẹ pákó orí kòtò náà wò. Ó fẹ́ sọ bí èèyàn ṣe ń fa omi láìyọ̀.

"Ẹ máa lọ kí òjò tó dé, Àǹtí mi," ni Kúnbi wí. Ó gé búrẹ́dì náà sí méjì, ó fún un ní ìdajì. "Màá wá kí yín lọ́la lẹ́yìn ìsìn."

Ó dùn ún. Kò sí ìdí tí kò fi ní dùn ún. Ó gba búrẹ́dì náà, ó jáde, kò sì wẹ̀yìn títí ó fi dé ibùdókọ̀.

Nírọ̀lẹ́, àwọn NEPA ti mú iná lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Felix tan àtùpà, òun àti ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn fún àdúrà. Felix dúpẹ́ fún ọjọ́ náà, ó gbàdúrà fún àwọn ọmọ, fún àwọn tó wà lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ibẹ̀ ló máa ń dákẹ́ sí ní gbogbo alẹ́ láti ọdún tí nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀, kí ìyàwó rẹ̀ lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá.

Felix dúró dè é. Ẹ̀fọn kan ń kùn lójú àtùpà.

"Àmín," ni Adéjùmọ̀kẹ́ wí.

Felix la ojú kan. "Kò sí nǹkan kan?"

Ó wá inú ara rẹ̀ fún un tọkàntọkàn. Ohun tó rí níbẹ̀ ni pé orúnkún ń dùn ún, pé ẹ̀wà tó gbé kaná lè ti máa jó, àti pé ọwọ́ wúwo kan ṣì wà lórí èjìká rẹ̀, ó ṣì gbóná.

"Kò sí," ni ó wí. "Ẹ dìde, ẹ̀wà wà lórí iná."

Ibi tó ti ń ro ẹ̀wà ni òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ó dé lójijì, bí òjò Èkó ti í dé, ó bo ariwo àdúgbò mọ́lẹ̀. Adéjùmọ̀kẹ́ gbé ọwọ́ dúró. Ìsọlọ̀ kò jìnnà. Òjò kan náà ni yóò máa rọ̀ níbẹ̀.

Ó gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bu iyọ̀ sí ẹ̀wà, ó tọ́ ọ wò. Kúnbi mọ bí wọ́n ṣe ń ti fèrèsé.